Ẹ Jẹ́ Kí Pánò àti Bátìrì Gba Ọ̀nà Kan Náà Wọlé

Ṣábẹ̀ẹ́, ní ibùdókọ̀, lórí àpò gaàrí ẹlòmíràn

Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́,

Èmi Ìdòwú, àbúrò yín, èmi ni ọkùnrin kan ṣoṣo láti etí òkun títí dé odò Ọya tí aṣọ́bodè dúwáànì mẹ́tàdínlógún ba dè nínú igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé ìbọn, wọ́n fa ajá, ọ̀dàlẹ̀ kan sì ti sọ ọ̀nà tí mo máa gbà fún wọn. Mo fi kẹ̀kẹ́ Bàbá sá fún wọn, mo gun òkè, mo sọ̀kalẹ̀ òkè, táyà ń rú èéfín, àwọn ajá ń sunkún lẹ́yìn mi. Ìgbà tí omi tán lára mi pátápátá ni wọ́n tó rí mi mú. Ẹ ti gbọ́ ìtàn náà. Gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnù náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lójú fèrèsé, nígbà tí mò ń ta ẹ̀pà fún wọn. Mo tún un sọ kí ẹ lè rántí irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí lónìí, èmi ni bàbá yín.

Ẹ má bínú sí mi. Bàbá fúnra wọn ló ní bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ ìwé. Ẹnu mi, ọwọ́ rẹ. Kọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni.” Nítorí náà, níbi tí ẹ bá ti rí i pé wọ́n ń pè yín ní “ìwọ”, Bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí “ẹ̀yin”, èmi nìyẹn, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín.

Ojú ń kán wa. Awakọ̀ kámíọ̀ tó ń lọ sí Kábùà ń di ẹrù lọ́wọ́, ó sì ní bí àpò tó kẹ́yìn bá ti gòkè, òun ò ní dúró de ìwé ẹnikẹ́ni. Bàbá ò lè jókòó. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n lọ wo àpò tó kù nílẹ̀, wọ́n padà wá wo ọwọ́ mi bí ẹni pé òun ló ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ní kí n kọ nígbà tí a kúrò nílé, wọ́n ti yí i padà kí a tó dé ìdí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Awakọ̀ yìí ló sọ fún wa lánàá pé Múfú ọkọ yín ń lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ yìí, láti lọ gbé pánò oòrùn tí ẹ fẹ́ fi máa tan iná nínú ilé yín ní Kábùà, òun àti bátìrì rẹ̀. Inú wa dùn. Iṣẹ́ olùkọ́ tuntun, ọkọ tuntun, ilé tuntun, iná tuntun. Àmọ́ awakọ̀ náà fi kún un pé Múfú fẹ́ fi ọkọ̀ gbé pánò gba títì, kó wá fi alùpùpù mọ́bílẹ́ẹ̀tì gbé bátìrì gba ọ̀nà oko. Bàbá ń jẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Iṣu náà wà nínú àwo títí di ìsinsìnyí.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí, bí dúwáànì ṣe là á yé ìyá wa, kì í ṣe bí rédíò ṣe sáré sọ ọ́ kọjá. Ẹni tó bá mú pánò oòrùn wọlé fún ilé ara rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ tà á, ìjọba ti yọ̀ǹda owó ibodè fún un. Kò ní san fíràǹkì kan. Bátìrì náà wà nínú ìyọ̀ǹda yẹn, bó bá bá pánò rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan náà, lórí ìwé kan náà. Bó bá dá wá, kì í ṣe bátìrì oòrùn mọ́, bátìrì ọkọ̀ ni, wọ́n á sì gba owó ibodè lórí rẹ̀. Bó bá tún wá jẹ́ pé inú igbó ló gbà, owó ìtanràn á gun orí ti tẹ́lẹ̀.

Àwa tí a wà nílé, àgbẹ̀ ni wá. Wọ́n mú wa, a san, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin ńkọ́? Olùkọ́ ìjọba tí tàdáwà ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Orúkọ yín ló wà lórí ìyọ̀ǹda náà. Bí wọ́n bá mú bátìrì yín nínú igbó, wọn ò ní béèrè Múfú, ẹ̀yin ni wọ́n máa béèrè. Iṣẹ́ tí Bàbá fi iṣu àti kajú rán yín lọ kọ́ á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí ohun tí ìjọba ti ní kí ẹ gbé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń lé Bàbá dìde nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí á ní kí Bàbá ránṣẹ́ sí Múfú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ tí dúwáànì ti gba bátìrì tiwa lọ́wọ́ mi nínú igbó, Bàbá ò kí ọkọ yín mọ́. Wọ́n ní ènìyàn mẹ́tàdínlógún kì í dédé ba sínú igbó, ẹnìkan ló sọ fún wọn, Múfú nìkan sì ni ará ìta tó mọ ọ̀nà tí a fẹ́ gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Múfú, ó ní òun ò tún ní gba ìmọ̀ràn kankan láti ilé wa, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní kí òun má ki ọwọ́ bọ iná. Ẹ̀yin wá wà láàrin wọn bí ìkòkò tó wà lórí ààrò tí òkúta rẹ̀ kan ti yẹ̀. Èmi gan-an, ọ̀rẹ́ mi ni Múfú. Òun ló ní kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n, pé mò ń sọ òun di arúgbó.

Ó dáa. Bàbá ti padà dé. Wọ́n ní kí n kọ:

“Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi, ọmọ tó wọlé ayé mi pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀. Èkínní. Nígbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí ọkọ rẹ, mo ra kẹ̀kẹ́. Láyé ìgbà náà, àwọn Faransé ń gba owó lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á wá kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn kí gbogbo ayé lè rí i pé o ti san án. Èmi ní n kò ní san. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sínú àká, mo kó iṣu bò ó. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí oko, èmi tí mo ní kẹ̀kẹ́ nílé. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kọjá lára àká yẹn tí inú mi á dùn pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo wá gbé e jáde, eku ti jẹ táyà, ikán ti jẹ gbogbo awọ ìjókòó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan wá ń bi mí pé, ṣé n kò mọ̀ pé ọdún tí ènìyàn bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun, wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo bi Bàbá bóyá wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ikán. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí àwọn sọ.

“Ọmọ mi, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kọ́kọ́ béèrè kí o tó fi nǹkan pamọ́. Ẹni tó ń fi ohun tí ẹnikẹ́ni ò wá pamọ́, ara rẹ̀ ló ń jà lólè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dára, àbí? Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ tí Bàbá ò sọ ni pé wọ́n tún ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe. Kì í ṣe ìwà olè, àṣà ìdílé wa ni. Màmá-àgbà tó bí Bàbá ló fi kọ́ wọn, nígbà tí wọ́n ń ná ọjà òdìkejì ibodè: ẹrù méjì, ọ̀nà méjì. Bí o bá ra iyọ̀ àti aṣọ, iyọ̀ á gba títì, aṣọ á gba oko. Bí wọ́n bá gba ọ̀kan, èkejì á dé. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bá ra bàtà ní Ṣakí, mo búra, ẹsẹ̀ ọ̀tún á gba ọ̀dọ̀ dúwáànì, ẹsẹ̀ òsì á gba inú oko ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò Bàbá ra pánò àti bátìrì fún wa ní Ṣakí, kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè. Ìyá wa mú pánò, èmi mú bátìrì. Ó rí bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló pín in.

Ìyá wa fi ìborùn wé pánò náà, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ọmọ tuntun. Dúwáànì tó dá ọkọ̀ dúró tú ìborùn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí owó lórí èyí, ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ ìwé. Ó wá gbé orí sókè, ó bi ìyá wa pé, “Ìyá, bátìrì rẹ̀ dà? Níbo ni oòrùn á máa sùn nílé yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká ní ìyá wa sọ pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkùnrin náà ì bá dúró dè é, ì bá kọ méjèèjì sójú ìwé kan, à bá ti lọ. Àmọ́ ẹ̀rù òfo ti bà wọ́n. Wọ́n dá a lóhùn pé àwa ò nílò bátìrì, pé ojúmọmọ la fẹ́ máa tan iná náà.

Ojúmọmọ. Ní Ṣábẹ̀ẹ́. Níbi tí oòrùn ti ń yan àpáta bí àgbàdo.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó kọ ọ́ síwèé pé pánò kan, bátìrì kò sí, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì ni èmi bọ́ sí ọwọ́ wọn pẹ̀lú bátìrì lábẹ́ iṣu. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá ń bi mí pé kí ni mò ń kọ láti àárọ̀. Mo ní àwọn ni mò ń kọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó yá, wọ́n tún ti lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ̀yin ò sí nílé lọ́jọ́ tí ìyá wa sọ pánò náà kalẹ̀ lórí òrùlé. Ẹ ti lọ gba iṣẹ́ yín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pinnu. Wọ́n gun àga, wọ́n tú okùn, wọ́n gbé pánò lé orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn la àárín Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí ọ́fíìsì dúwáànì. Gíláàsì náà ń kọ mọ̀nà lórí wọn. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn, ẹnìkan bi wọ́n bóyá wọ́n ń lọ dá oòrùn padà fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí a débẹ̀, bátìrì wa wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá wa gbé pánò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, “Kámáráàdì, ọmọ mi, ẹ wo àwọn méjèèjì. Ṣé wọn kì í ṣe tọkọtìyàwó?”

Ọ̀gá dúwáànì yọ fìlà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, “Ìyá, èmi náà rí i pé wọ́n bá ara wọn mu. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni òfin ń wò. Pánò yín gba ojú ọ̀nà wọlé, àpọ́n ni. Bátìrì yín gba ẹ̀yìnkùlé. Irú ìyàwó wo nìyẹn?”

Ìyá wa ní, “Ìyàwó tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé náà ń bímọ.”

Gbogbo ọ́fíìsì dà rú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá náà fún ìyá wa ní ìjókòó, ó fún wọn lómi mu, ó sì gba owó ibodè bátìrì ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó gba owó ìtanràn lé e. Gbogbo kajú tí Bàbá ká lọ́dún yẹn wọ inú ọ́fíìsì yẹn, kò jáde. Bí a ṣe ra ohun ọ̀fẹ́ ní ìlọ́po méjì nìyẹn. Iná náà ń tàn o, ó sì dára. Àmọ́ bí ó bá ti tàn báyìí, Bàbá á wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ pa á, ó ń ṣe mí bí ẹni pé kajú mi ló ń jó.”

Èkejì. Bàbá ti dé. Ẹ gbọ́:

“Ìyá mi, mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ yín fún ọ ní owó ìrànwọ́ kí o fi ra pánò náà, nítorí pé iná ìjọba ò sí ní Kábùà. O ṣeun, wọ́n ṣeun. Má ná an tán. Nígbà tí wọ́n mú irúgbìn kajú wá síhìn-ín, wọ́n fún gbogbo ẹni tó bá gbìn ín lówó ìtọ́jú. Mo ní owó ọ̀fẹ́ dé. Mo ra rédíò. Mo ra bàtà tó ń dún kò-kò-kà, mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko kí iṣu lè gbọ́ pé mo ń bọ̀. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn agbowó-orí dé, wọ́n ní owó ìtọ́jú náà, owó tó wọlé fún mi ni, àwọn ti kà á mọ́ èrè oko. Mo ní ẹ̀bùn ni. Wọ́n ní ẹ̀bùn tó bá ti wọ àpò, owó ni. Rédíò ni mo kọ́kọ́ tà. Bàtà náà, ìyá rẹ ló tà á, kò bi mí.”

Mi ò mọ̀ pé Bàbá wọ bàtà aláriwo rí. Mo fẹ́ bi wọ́n sí i, wọ́n fojú sọ fún mi pé kí n kọ̀wé.

“Gbọ́, ọmọ mi. Owó ibodè lọ́tọ̀, owó orí lọ́tọ̀. Ẹni tó dárí ọ̀kan jì ọ́ ò sọ pé òun dárí èkejì jì ọ́. Dúwáànì lè jẹ́ kí pánò rẹ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tó ń yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ sì ka owó ìrànwọ́ náà mọ́ ọn nígbà tí ọdún bá parí. Ẹran tí ìjọba bá fúnni máa ń ní ìrù, ìrù yẹn ni wọ́n ń padà wá mú. Lọ bá ẹni tó ń sanwó oṣù yín, kí o béèrè. Bó bá ní wọ́n máa kà á, ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí o má sì sọ ibi tí o yà á sí fún ẹnikẹ́ni, àní ọkọ rẹ.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kí n pa “àní ọkọ rẹ” rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Mo ti fi sílẹ̀.

Èyí tó kàn, n kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Bí iná bá dé ilé yín, ẹ má fi bátìrì yẹn yá ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọrin níbi ìgbéyàwó á wá, wọ́n á pè yín ní ìyá àwọn aláìníyàá. Àwọn awakọ̀ á wá, wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọkọ̀ ṣáà dìde. Awakọ̀ yìí gan-an ti wá bẹ̀ wá rí, Bàbá sì lé e dé ìdí kànga. Nínú ilé ni ìyọ̀ǹda yẹn so bátìrì mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú títì, ó ti tún di bátìrì ọkọ̀, wọ́n sì lè padà wá béèrè owó tí wọ́n yọ̀ǹda. Bí ẹ bá fẹ́ ṣoore, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó níwájú ilé yín kí wọ́n máa wo iná. Ìyẹn ò ní owó ibodè.

Awakọ̀ náà ń gba ẹ̀yìn mi yọjú wo ìwé yìí báyìí, ó ní òun rí orúkọ òun. Kò mọ ìwé. Mo ní ibi tí mo ti ń yìn ín ni.

Ìyá wa ò wá sí ibùdókọ̀, iṣu ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n pè mí sẹ́yìn nígbà tí a fẹ́ jáde. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ́ kí Múfú mọ̀ pé láti ilé wa ni ọ̀rọ̀ ti wá. Wọ́n ní, “Sọ fún un kó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ bá a lọ sí Ṣakí lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bọ̀, kó gbé bátìrì sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kó tẹ́ aṣọ bò ó. Ọkùnrin kì í fa ẹrù yọ láàárín ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ó má sì bá a jiyàn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi jiyàn pẹ̀lú bàbá yín níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tó jìn ló gbé wa gbà délé nítorí kó má bàa di pé mo borí.”

Ọgbọ́n ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lò ó. Àmọ́ mo mọ Múfú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá rí yín nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bátìrì láàárín ẹsẹ̀, ó máa mọ̀ pé Bàbá ló rán yín, ó sì máa gbé e lọ sínú igbó kó lè jẹ́ pé òun ló borí. Kì í ṣe owó ibodè ni Múfú ń sá fún mọ́. Bàbá ló ń sá fún.

Àpò mẹ́ta ló kù nílẹ̀. Bàbá tún dé. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo òkè òkúta bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé mo kí ọkọ rẹ̀.” Mo kọ ọ́. Wọ́n rìn dé ìdí kámíọ̀, wọ́n padà. “Pa á rẹ́.” Mo ní mo ti pa á rẹ́.

Mi ò pa á rẹ́. Bàbá kí Múfú.

Ibi tó kàn yìí, ẹ kà á fún Múfú kíkankíkan. Bàbá dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́, wọ́n bi mí pé kí lèyí tó gùn báyìí, mo ní ìkíni ni.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé bátìrì yẹn, oòrùn mú. Kẹ̀kẹ́ ṣubú níbi tí ọ̀nà ti ń gun àpáta, iṣu yí lọ, èmi nìkan ò lè gbé bátìrì padà sókè. Ọkùnrin kan jókòó lábẹ́ igi, ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ń jẹ máńgòrò. Mo pè é. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e.” Ó nu ọwọ́, ó wá, a jọ gbé e. Ó bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí. Ẹ̀yin ẹ mọ ẹnu mi. Mo ní bátìrì ni, mo ní àwa ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ là ń kọ́ dúwáànì lẹ́kọ̀ọ́, pé wọn ò lè mú wa láéláé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ sídìí igi, ó mú ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó ń de bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì dúwáànì ni, ó ń dán. Ó ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká jọ gbé e lọ bá wọn.”

Mi ò sá. Nígbà tí mo délé tí Bàbá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mú mi, ojú tì mí, mo ní wọ́n pọ̀. Bàbá ní mélòó? Mo ní mẹ́tàdínlógún. Bàbá ní bí iye bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó sọ fún wọn. Èmi ò dárúkọ Múfú, àmọ́ mo jókòó, mo gbọ́ nígbà tí Bàbá dárúkọ rẹ̀, mo ń jẹ iṣu mi lọ.

Múfú, kò sẹ́ni tó tà wá. Rẹ́rìn-ín mi títí ikùn á fi dùn ọ́, lẹ́yìn náà kí o gbé méjèèjì gba títì, nítorí Ẹ̀gbọ́n mi. Bí kámíọ̀ yìí bá ti lọ, mo máa sọ fún Bàbá. Bí ẹ bá rí mi ní Kábùà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún mi.

Kò sí mẹ́tàdínlógún, ẹnìkan ni. Kò sí ìbọn, kò sí ajá, kò sí ọ̀dàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni òótọ́, òun náà kò sì sáré. Ọkùnrin yẹn ló bá mi tì í débẹ̀.

Àbúrò yín,
Ìdòwú